Ìyá àgbà tó ń ṣàkóso agboolé nínú ìtàn mi kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àlàkẹ́ Òǹkọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan tí idán wà nínú rẹ̀. Agboolé kan ni ìtàn náà dá lé lórí ní Ọ̀yọ́, ìdílé Aláfẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa mú atẹ́gùn, kí wọ́n dé e mọ́ inú igbá fínfín, kí wọ́n sì máa tà á fún àgbẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọkà, fún ọlọ́kọ̀ ojú omi, àti fún ọba nígbà ogun. Obìnrin kan ló ń ṣàkóso gbogbo wọn, Ìyá Àgbà Àbẹ̀kẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ, ọmọ ọmọ, ìyàwó ọmọ, gbogbo wọn wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọkùnrin ilé náà tó lè dá a lóhùn.

Àwọn tí mo fún kà ní obìnrin náà kò ba àwọn lẹ́rù. Ó ń pariwo, ó ń fi atẹ́gùn gbé èèyàn sọ sórí òrùlé, ó ní adé, ó ní ìtẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní kò ràn. Ẹnì kan ní àjẹ́ inú fíìmù ni. Ẹlòmíràn ní ọbabìnrin ilẹ̀ òyìnbó ni mo ró aṣọ fún.

Kí ló ń mú kí odindi agboolé máa bẹ̀rù obìnrin arúgbó kan láìjẹ́ pé ó gbé ọwọ́ sókè? Oyè wo ló yẹ kí n fún un? Ṣé kí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè ni? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí.

Arẹ́wà Àkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Àǹtí Àlàkẹ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ adé yẹn kúrò lórí rẹ̀. Ìyá àgbà kì í jókòó sórí ìtẹ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló ń jókòó sí, lórí àpótí, níbi tí kò ti sẹ́ni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí ó má rí i. Ẹ jẹ́ kí ó ró kíjìpá tó ti gbó. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ni kí ẹ wọ aṣọ olówó fún.

Ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò. Gbogbo fíìmù ni wọ́n ti ń sọ obìnrin tó bá lágbára di àjẹ́, ó sì ń dùn mí. Àwọn ìyá tí mo mọ̀ kò nílò ẹyẹ láti mú ilé dákẹ́.

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kí o tó ronú oyè, sọ fún wa ná: ṣé wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ níyàwó wá sí ilé yẹn ni, àbí wọ́n bí i síbẹ̀? Abẹ́ ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí o fẹ́ kọ wà.

Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, ìgbà tó wọlé la fi ń mọ ipò rẹ̀, a kì í wo ọjọ́ orí. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Ẹni tó wọlé tẹ̀lé e ìbáà bí i lọ́mọ, yóò kúnlẹ̀ kí i. Gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá sì bá nínú ilé, títí dórí èyí tó ń rákò, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Òun ni yóò fún wọn ní orúkọ tirẹ̀, Akọ̀wé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó, orúkọ náà yóò sì bá wọn dàgbà.

Wá ro obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn ọkọ kéékèèké tó ń kúnlẹ̀ fún nígbà yẹn ti di baálé, ewú ti bo orí wọn. Òun ló wẹ̀ wọ́n, òun ló pọ̀n wọ́n. Ó mọ èyí tó ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi dàgbà, ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé sá kúrò nílé, ó mọ owó tí wọ́n yá fi ṣe ìgbéyàwó ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olówó báyìí. Kò ní í sọ ọ́. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì ni oríkì. Nílé tiwa, àwọn ìyàwó ló mọ oríkì ilé ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Láàárọ̀, bí ìyá bá ń ki ọkùnrin kan, orí onítọ̀hún á wú, á gbàgbé gbèsè. Lọ́jọ́ tínú bá bí ìyá, kò ní í bú ẹnikẹ́ni. Yóò ki ará iwájú, yóò ki ará ẹ̀yìn, bó bá wá kan ìwọ, yóò ní, "Ṣé dáadáa lo jí?" Ó parí. Gbogbo ilé ti gbọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó ti lọ́mọ tó lọ́mọ ọmọ tó ń wá ẹni tí yóò bá òun bẹ ìyá nítorí kíkí lásán yẹn. Bí ìtàn tìrẹ bá ti ní idán nínú, ṣé o ò rí i pé oríkì ni kí atẹ́gùn máa gbọ́? Èyí tó ń jẹ́ ẹ̀fúùfù ọ̀yẹ́ ní oríkì tirẹ̀, ìjì náà ní tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin lè fín igbá, wọ́n lè rù ú lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá ki atẹ́gùn, igbá òfìfo ni wọ́n rù.

Má sì jẹ́ kí ó máa pàṣẹ. Ìbéèrè ni kí ó máa bi wọ́n. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yín nìyẹn?" Ìyàwó tí ìyá àgbà bá sọ "nílé yín" sí kò ní í fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà.

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tako yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìyàwó, bó ti wù kó pẹ́ tó, àlejò ni bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀. Ọmọbìnrin ilé ni kí Àbẹ̀kẹ́ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ọkọ ní Ìlọrin, kì í wá nílé lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ tó bá fi wá, ìpàdé ẹbí kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Àwọn ìyàwó ilé, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó lè jókòó láàárín àwọn ọkùnrin kó sọ pé "ilé bàbá mi," kò sì sẹ́ni tó lè ní kó padà síbi tó ti wá, torí ibẹ̀ náà ló ti wá. Ìyàwó kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ láé.

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Òótọ́ lo sọ nípa ọjọ́ ìpàdé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpàdé mélòó ló wà nínú ọdún? Ẹni tó ń jí nílé lójoojúmọ́, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó mọ ibi tí ìwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, òun ni mò ń sọ. Ìtàn ìlú wa yìí náà, ṣebí o mọ̀ ọ́n: lábẹ́ igi Àjàgbọn, oúnjẹ àti ọtí tí ìyàwó Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ń sè ló ń kó àwọn ọdẹ jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó nìyẹn o, kì í ṣe ọmọbìnrin ilé.

Olùkọ́ Ìtàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ kí n mú Àlàkẹ́ wọ ààfin, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Ọ̀yọ́ lo gbé ìtàn rẹ kalẹ̀ sí. O béèrè oyè. Àwọn obìnrin tó lóyè láàfin Aláàfin láyé àtijọ́ pọ̀, iṣẹ́ kálukú sì yàtọ̀, nítorí náà má kàn mú orúkọ kan tó dùn létí.

Ìyá Ọba kì í ṣe ìyá tó bí ọba. Nígbà náà, Aláàfin kò gbọdọ̀ ní ìyá tó bí i láyé. Bí ìyá rẹ̀ bá wà láàyè nígbà tí wọ́n fi í jọba, wọ́n á ní kó lọ sùn, wọ́n á sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ nílé ìbátan rẹ̀. Ọba á wá fi ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ààfin ṣe ìyá. Ẹ̀rù tó wà nínú ìyẹn nìkan tó láti gbé orí ìwé mẹ́ta.

Ìyámọdẹ ń gbé ní Bàrà, níbi tí wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí, òun ló ń bọ ẹ̀mí àwọn ọba tó ti wàjà. "Baba" ni Aláàfin ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i. Kò sí ẹlòmíràn tí ọba ń kúnlẹ̀ fún. Ìyá Nàsó ló ni ìtọ́jú ojúbọ Ṣàngó ti ọba. Igbákejì rẹ̀ ni Ìyá Mọnàrí, iṣẹ́ tiẹ̀ sì le: bí ẹjọ́ ikú bá dá lórí oníṣàngó, wọn kì í fi idà pa á, Ìyá Mọnàrí ni yóò fún un lọ́rùn. Ẹni Ọjà ló ń ṣàkóso ọjà ọba, òun náà ni olórí àwọn ẹlẹ́ṣù. Agbádá bíi ti ọkùnrin ló ń wọ̀, apá rẹ̀ ni ọba sì ń fara tì lọ́jọ́ tó bá lọ bọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù ni Ìyá Kéré. Kì í ṣe òun ló ga jù lóyè, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni adé, ọ̀pá àṣẹ, àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ọba wà. Òun ló ń fi adé dé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Àwọn ọba ńlá kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà láàfin, Asẹ́yìn, ọba Ìsẹ́yìn, wà lára wọn. Bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, kò ní í jà. Kò ṣáà ní í kó ohun ọ̀ṣọ́ síta. Ọba kò sì lè jókòó gbàlejò láìsí wọn.

Gbé ìyẹn wọ agboolé Aláfẹ́fẹ́. Kí ló wà lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ipá gbà, tí ohun gbogbo á sì dúró bí kò bá gbé e jáde? Bí o bá ti mọ ìyẹn, o ò nílò kó máa sọ èèyàn sórí òrùlé mọ́.

Káyọ̀dé Ìgbòho

Ọ̀gá, gbogbo àwọn tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ọkùnrin ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ló dé tí Àbẹ̀kẹ́ ò lè ṣàkóso lójú gbogbo ayé? Nígbà tí Ọ̀yọ́ fi Ìgbòho ṣe olú ìlú, obìnrin jọba. Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ ni. Jagunjagun tó ń gun ẹṣin ni. Ìtàn sọ pé wọ́n máa ń so ewé gbọ̀dọ̀gì mọ́ ìdí àwọn ẹṣin tó bá kẹ́yìn, kí ewé náà lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ kúrò nílẹ̀, kí ọ̀tá má mọ ibi tí wọ́n gbà. Àwa ará Ìgbòho ń fi í yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn (Ọ̀yọ́)

Káyọ̀dé, o ṣeun tí o mú un wá, ewé gbọ̀dọ̀gì yẹn á sì wúlò fún onítàn tó ń kọ nípa atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ jẹ Aláàfin ni. Ìtẹ́ àti adé ló ń bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè afọbajẹ, lọ́tùn-ún lósì. Ìyá ilé kò ní ẹṣọ́, kò ní onídà. Bí Àlàkẹ́ bá pa méjèèjì pọ̀, yóò padà síbi ọbabìnrin tí àwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí.

Bàbá Agbẹjọ́rò

Ọ̀rọ̀ ogún kò tíì sí nínú gbogbo èyí, ibẹ̀ sì ni agboolé ti ń tú ká. Bí ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pín in. Ti ìdí-igi ni kí a kà á ní ìyàwó-ìyàwó: ìyàwó tó bí ọmọ kan àti èyí tó bí mẹ́jọ, ìpín kan náà ni ìdí kọ̀ọ̀kan. Ti orí-ò-jorí ni kí a kà á ní ọmọ-ọmọ. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ dá a ní 1958, ó lọ títí dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Bí ìjà bá wà lórí bí a ó ṣe pín in, olórí ẹbí ló lè sọ pé kí a lo orí-ò-jorí.

Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Bàbá àgbà ti kú, igbá atẹ́gùn wà nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo, orogún rẹ̀ bí mẹ́jọ. Èwo ni yóò fara mọ́? Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kú, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Àṣà kò sì fún ìyàwó ní ogún ọkọ, ọmọ ló ń jogún. Àlàkẹ́, nítorí náà, mo gba ti Ọmọ Ajílété: fi í ṣe ọmọbìnrin ilé kí ó lè ní ìpín tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá Agbẹjọ́rò, ohun tí ẹ fi tako mi náà ló gbè mí lẹ́yìn. Kò ní ohunkóhun nínú ogún, síbẹ̀ wọn ò lè pín in láìsí òun níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ìpín ni gbogbo wọn lè fọkàn tán pé kò ní í ṣègbè. Bó bá ní ìpín, á di ọ̀kan lára àwọn tó ń jà.

Ẹ má sì gbàgbé ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, bó bá ní, "Mo fi ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí ọmọ bẹ̀ yín," kò sí ọmọ tí ara rẹ̀ ò ní í bù máṣọ. Ìyá tó bá di ọmú mú tó fi gégùn-ún, ìyẹn tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o lò ó nínú ìwé rẹ. Bó bá lò ó lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ò ní í gbọ́ mọ́.

Arẹ́wà Àkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ owó. Ìyá tí kò ní owó ọwọ́ ara rẹ̀ kò lè ṣàkóso agboolé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní òwò tirẹ̀ tí ọkọ tàbí ọmọ kò bá a dá sílẹ̀. Òun ni kí ó máa kó èésú àwọn ìyàwó ilé. Òun ni kí ó máa ta àwìn fún àwọn ọkùnrin, kí ó má sì yára sin gbèsè. Ẹ wo Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn. Ìbọn àti ẹ̀tù tó ń tà fún àwọn ológun láwìn ló sọ ọ́ di alágbára. Nígbà tí kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́ mọ́, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè wà lára àwọn tó dìde sí i. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí ilé lè gbà dìtẹ̀ mọ́ Àbẹ̀kẹ́, ojú ọ̀nà nìyẹn.

Àlàkẹ́ Òǹkọ̀wé (Ọ̀yọ́)

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa gbè yín. Mo ti pinnu: ìyàwó ni, ìyálé, opó, ọmọ kan ṣoṣo. Oríkì atẹ́gùn wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan. Mi ò fún un lóyè. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

*Baálé wọlé ní ìdájí, eruku ogun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ta ìjì fún àwọn ológun, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbẹ̀kẹ́ wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ki ẹni tó rù ú lẹ́rù, ó ki ọmọ tó fún un lómi. Ó wá gbójú sókè wò ó.*

*"Láyíwọlá, ṣé dáadáa lo jí? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tà á nílé yín nìyẹn?"*

Ìyá Ìbejì Tákíẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n tún ibi méjì ṣe. Kò lè pe Láyíwọlá, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ tó sọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé ló máa pè é. Èkejì, "nílé yín" kò bá a mu. Ìyàwó la máa ń sọ ìyẹn sí. Baálé ni wọ́n bí sílé yẹn, òun obìnrin yẹn ni àlejò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì máa sọ gan-an nìyẹn. Fi ohùn jẹ́jẹ́ sí i lẹ́nu: "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Ilé yín ni, atẹ́gùn yín ni. Èmi kàn wá ṣe ìyàwó ni." Kó wá dìde, kó wọ yàrá, kó ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó má ki atẹ́gùn kankan.

Olùkọ́ Ìtàn (Ọ̀yọ́)

Ìyá Kéré gan-an nìyẹn. Má kọ ohun tó ń ṣe nínú yàrá. Ojúde ni kí o dúró sí pẹ̀lú àwọn tó ń wo ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo gbà, ìyàwó náà ni kó jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ kó jáde? Kì í ṣe àwọn ọkùnrin, wọn ò lè dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe àwọn ìyàwó, wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé ni wọn yóò ránṣẹ́ sí nílé ọkọ wọn, lọ́nà jíjìn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni yóò kan ilẹ̀kùn, torí òun nìkan ni Àbẹ̀kẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí nínú gbogbo ilé yẹn. Kọ ọ́ sí orí kejì, kí àwọn méjèèjì pàdé níbẹ̀.